Ojú Ère Lára Ife Ọtí: Àyẹ̀wò Ìṣàkójọ Ohun Ọ̀ṣọ́ Tíkì Àlòkù ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

1. Ìfáàrà

Ní àwọn ọjà àlòkù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láàrin àwo tí ó ti sán, àtùpà tí kò tàn mọ́ àti àpótí aṣọ òkú, irú ife kan wà tí kì í pẹ́ lórí àtẹ. Amọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ojú ńlá, imú fífẹ̀ àti ẹnu tí ó la eyín sílẹ̀ ni ó wà lára rẹ̀. Tíkì ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yìí kò mọ sórí ife nìkan: ó kó ère onígi, àga ọparun, àtùpà tí wọ́n fi awọ ẹja gbígbẹ ṣe, àti àwòrán obìnrin Tahiti tí wọ́n kùn sórí aṣọ àrán mọ́ra. Láàrin nǹkan bí 1934 sí 1975 ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú wọn, fún ilé ọtí, ilé oúnjẹ àti yàrá ìgbàlejò àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ́ jókòó sí ìlú wọn kí ó sì dà bí ẹni pé erékùṣù inú Òkun Pàsífíìkì ni wọ́n wà.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìṣàkójọ àwọn nǹkan wọ̀nyí jẹ́ iṣẹ́ lámèyítọ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí ó ń yí ife lọ́wọ́ síwá sẹ́yìn ní ọjà ń ka ife náà gẹ́gẹ́ bí ẹni ń ka ìwé, ó sì ní ìlànà tí ó ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ìwé náà kì í kà á tán. Ó mọ ilé ọtí tí ife ti wá. Kò bèèrè ilé tí ojú ara ife ti wá.

2. Ilé tí ojú náà ti wá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí ó sọ ife yìí lórúkọ kò wo ilé. Polinésíà jẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ erékùṣù tí ó fọ́n ká láàrin Hàwáì ní àríwá, Rapa Nui ní ìlà-oòrùn gúúsù, àti Aotearoa, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní New Zealand, ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù. Àwọn èdè wọn bá ara wọn tan. Ohun tí àwọn Māori àti àwọn ará Marquesas ń pè ní tiki ni àwọn ará Tahiti ń pè ní tiʻi, tí àwọn ará Hàwáì sì ń pè ní kiʻi. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ti jọra tó, ìlò rẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Nínú àwọn ìtàn Māori kan, Tiki ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tí ó wà láyé. Ní Marquesas, orúkọ kan náà ni ti babańlá àti ti ère tí wọ́n gbẹ́. Àwọn òkúta ńláńlá Rapa Nui, tí wọ́n dúró fún àwọn babańlá, moai ni orúkọ wọn. Ní Hàwáì, ère Kū, òrìṣà tí ó ni ogun, a máa dúró nínú heiau, èyí tí í ṣe ojúbọ tí wọ́n fi òkúta mọ. Ọ̀tọ̀ ni ère, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n gbé e dúró sí, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sún mọ́ ọn.

Àwọn ère Hàwáì ní ìtàn ìparun tiwọn. Ní 1819, lẹ́yìn ikú Kamehameha Kìíní, ọmọ rẹ̀ Liholiho àti opó ọba, Kaʻahumanu, fòpin sí kapu, ìyẹn àpapọ̀ èèwọ̀ tí ó de ìlú. Ọba bá àwọn obìnrin jẹun pọ̀ ní gbangba, èyí tí í ṣe èèwọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n wó ojúbọ, wọ́n sun ère. Àwọn kan sì kó tiwọn pamọ́ sínú ihò àpáta. Àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà kò tíì gúnlẹ̀ nígbà náà. 1820 ni wọ́n dé. Nínú àwọn ère Kū ńláńlá irú ti inú ojúbọ wọ̀nyí, mẹ́ta péré ni ó ṣẹ́ kù tí ayé mọ̀: ọ̀kan wà ní British Museum ní London, ọ̀kan ní Peabody Essex Museum ní Salem, ọ̀kan ní Bishop Museum ní Honolulu. Ní 2010, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún fojú kan ara wọn ní Honolulu fún oṣù díẹ̀. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n tó báyìí ní ilé rẹ̀ ni ẹ̀dà rẹ̀ wá di ohun tí ó kún orí àtẹ ní ilé ẹlòmíràn.

3. Ilé ọtí àti ohun tí kò jẹ́ kí ó hàn

Oṣù kejìlá 1933 ni òfin tí ó ka ọtí léèwọ̀ ní Amẹ́ríkà parí. Ní nǹkan bí àkókò yẹn ni Ernest Raymond Beaumont Gantt, tí ó wá ń pe ara rẹ̀ ní Donn Beach, ṣí ilé ọtí Don the Beachcomber ní Hollywood. Ní 1934, Victor Bergeron ṣí tirẹ̀ ní Oakland. Nígbà tí ọdún díẹ̀ kọjá, ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Trader Vic's. Ogun Àgbáyé Kejì gbé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ sí Pàsífíìkì, ó sì gbé ìtàn Pàsífíìkì wá sílé. James Michener tẹ ìwé rẹ̀ nípa ibẹ̀ jáde ní 1947. Ní ọdún kan náà ni Thor Heyerdahl fi ọjọ́ 101 wọ ọkọ̀ onígi ìdìpọ̀ tí ó pè ní Kon-Tiki láti Peru. Hàwáì di ìpínlẹ̀ àádọ́ta ní 1959. Ní àárín àkókò yìí ni ilé ọtí ńláńlá ń dìde: Mai-Kai ní Fort Lauderdale ní 1956, Kahiki ní Columbus ní 1961.

Lámèyítọ́ tí ó bá wo àwọn ilé wọ̀nyí bí ẹni ń wo eré orí ìtàgé yóò rí i pé wọ́n mọ eré í ṣe. Wọn kì í ní fèrèsé tí ojúmọ́ lè gbà wọlé. Omi a máa ṣàn lára ògiri. Àtùpà a máa tàn bí iná àjóòkú. Ṣùgbọ́n ohun tí eré kò fi hàn wúwo ju ohun tí ó fi hàn lọ. Ọtí inú ife kì í ṣe ti Polinésíà rárá: kafá ni ohun mímu àyẹ́sí ní ọ̀pọ̀ erékùṣù ibẹ̀. Ọtí rọ́ọ̀mù láti Jàmáíkà, Kúbà àti Puerto Rico ni Gantt ń pò pọ̀, ìyẹn láti àwọn oko ìrèké tí ẹrú gbé dìde, tí àwọn ọmọ Yorùbá tí Kúbà ń pè ní Lùkùmí sì pọ̀ nínú wọn. Ojú òrìṣà ìran kan ni ó wà lára ife, òógùn ìran mìíràn ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Philippines ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń po ọtí náà. Ọ̀kan nínú wọn, Ray Buhen, tí ó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Gantt, ni ó ṣí Tiki-Ti ní Los Angeles ní 1961.

Òkun tí àwọn ilé ọtí wọ̀nyí ń pè ní ibi ìsinmi kò sinmi. Láàrin 1946 sí 1958, Amẹ́ríkà yin bọ́ǹbù runlé-rùnnà 23 ní Bikini ní erékùṣù Marshall. Èyí tí wọ́n yìn ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1954 da eérú olóró sórí àwọn erékùṣù tí ènìyàn ń gbé. Láti 1966 títí di 1996, Faransé ń yin tirẹ̀ ní Moruroa àti Fangataufa, ní Polinésíà gan-an. Àwọn ọdún tí ife tíkì ń pọ̀ sí i lórí tábìlì ni àwọn ọdún tí iná ń jó nínú òkun náà.

4. Ìmọ̀ orí àtẹ

Láàrin 1970 sí 1980 ni àṣà yìí rẹ̀yìn. Àwọn ọmọ kórìíra ohun tí ó dùn mọ́ àwọn òbí wọn. Ilé ọtí ń kógbá sílé. Ẹrù wọn wọ ọjà gbàǹjo, àwọn ilé ìtajà ẹgbẹ́ aláàánú àti àgbàlá ilé tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé. Ibẹ̀ ni aṣàkójọ ti pàdé wọn, nígbà tí owó táṣẹ́rẹ́ ṣì lè rà wọ́n.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó ń bi ife. Àkọ́kọ́: níbo ni wọ́n ti ṣe é? Yóò dojú ife délẹ̀ láti wo ìdí rẹ̀, nítorí òfin Amẹ́ríkà ní kí ọjà ilẹ̀ òkèèrè máa jẹ́ orúkọ ilẹ̀ rẹ̀. Jàpáànì ni yóò rí lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá lára ọjà Otagiri. Orchids of Hawaii ń jẹ́ orúkọ Hàwáì, síbẹ̀ àṣe-Jàpáànì ni ife rẹ̀. Èkejì: ilé ọtí wo ni ó ni ín? Orúkọ ilé náà a máa wà lẹ́yìn ife, bí ìlà lójú ọmọ. Ẹ̀kẹta: ṣé àkọ́ṣe ni tàbí àdàmọ̀dì? Yóò fi èékánná kàn án bí ẹni tí ń ra ìkòkò, kí ó lè gbọ́ bóyá ó ti sán. Yóò sì wọn gíga rẹ̀.

Wíwọ̀n yìí ni ó ṣe kókó jù. Amọ̀ ṣíṣàn ni wọ́n ń dà sínú ohun èlò ẹfun tí ó ní àwòrán ojú náà nínú. Bí amọ̀ bá wọ iná, ó ń sún kì. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fi ife tí ó ti jiná ṣe àwòrán tí yóò da òmíràn, èyí tí yóò jáde kò ní tó ti àkọ́kọ́. Eyín rẹ̀ yóò kúnná, ìlà ojú rẹ̀ yóò parẹ́ díẹ̀. Aṣàkójọ tí ó bá rí ife tí ó kúrú ní ìwọ̀n ìka kan mọ̀ pé ẹ̀dà ẹ̀dà ni, kò sì ní náání rẹ̀.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti gún régé ni ó ti dá dúró. Ère Kū tí ó wà ní London ga ju mítà 2 lọ. Kí ó tó di ife, ó ti sún kì láti orí òrìṣà dé orí àwòrán inú ìwé, láti orí àwòrán dé orí ohun ọ̀ṣọ́ ilé ọtí, láti orí ọ̀ṣọ́ dé orí amọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà yìí, a fi ojú Marquesas pọ̀ mọ́ ẹnu Hàwáì, a sì sọ moai di tíkì. Aṣàkójọ ń ṣọ́fọ̀ ìwọ̀n ìka kan tí ó sọnù lára ife. Kò wọn mítà tí ó sọnù lára ère. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ àtilẹ̀wá kúrò lọ́dọ̀ ère, ó gbé e fún àfarawé ère.

5. Àríyànjiyàn àwọn onímọ̀

Ìwé tí ó fún àwọn aṣàkójọ ní ohùn ni The Book of Tiki tí Sven Kirsten, ọmọ Jámánì tí ó ń gbé ní Los Angeles, kọ ní 2000. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí a wa ìlú Amẹ́ríkà bí àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe ń wa ilẹ̀: káàdì oúnjẹ, ìṣáná, ife, gbogbo wọn jẹ́ àfọ́kù ìran kan tí ó ti kọjá. Iyì ńlá ni ti iṣẹ́ yìí. Òun ni ó fi hàn pé tíkì jẹ́ ìtàn Amẹ́ríkà nípa ara rẹ̀, kì í ṣe ìròyìn nípa Polinésíà. Àwọn tí ó tẹ̀ lé irú èrò bẹ́ẹ̀ gba ohun púpọ̀ là. Ilé Kahiki di wíwó ní 2000. Bí kì í bá ṣe ti irú wọn, ẹrù rẹ̀ ìbá ti bá ilé lọ.

Ṣùgbọ́n awalẹ̀pìtàn tí ó bá kan àpáta kì í sọ pé ilẹ̀ ti tán. Haunani-Kay Trask, ọmọ bíbí Hàwáì, ti fi hàn nínú From a Native Daughter ní 1993 pé bí àwọn oníṣòwò ìrìn-àjò afẹ́ ṣe ń ta ijó àti ẹ̀rín àwọn ará Hàwáì ni ilẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Teresia Teaiwa, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kiribati tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, kọ ní 1994 nípa aṣọ ìwẹ̀ tí wọ́n fún ní orúkọ Bikini. Ó ní aṣọ tí ó ṣí ara obìnrin sílẹ̀ náà ni ó bo ìlú tí bọ́ǹbù bàjẹ́. Ohun tí Teaiwa sọ nípa aṣọ bá ife mu rẹ́gí. Ohun tí ó ní àwa kì í ṣe òótọ́, eré lásán ni àwa, ní agbára láti bo òótọ́ mọ́lẹ̀ ju irọ́ pọ́nńbélé lọ, nítorí kò sẹ́ni tí yóò já eré ní irọ́.

Ní ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn kan láàrin àwọn olólùfẹ́ ọtí yìí ti ń sọ pé kí wọ́n pa orúkọ tíkì tì. Ìtìjú tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ìwòsàn rẹ̀ kò dé ojú egbò. Bí orúkọ bá lọ tí ojú ṣì wà lára ife, ohun kan ṣoṣo tí ó ṣì ń tọ́ka sí ilé ère náà ni wọ́n gé kúrò. Fífọ́ ife pàápàá kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ: àfọ́kù kì í jẹ́rìí.

6. Ìkádìí

A kò lè sọ pé kò sí ohun gidi nínú ìṣàkójọ tíkì àlòkù. Ojú tí ó fi ń wo ìdí ife, etí tí ó fi ń gbọ́ sísán, ọwọ́ tí ó fi ń wọn ìsúnkì, ohun èlò lámèyítọ́ ni gbogbo wọn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìbéèrè kẹrin kò sí: ojú ta ni èyí? Ìbéèrè náà kò le. Ẹni tí ó lè fi ìlà etí ife mọ ilé ọtí tí ó ti wó láti 2000 lè kọ́ bí a ti í fi orí àti ẹnu mọ Kū yàtọ̀ sí moai.

Ní 2014, mùsíọ́mù quai Branly ní Paris, tí ó ní ère Polinésíà gidi nínú àkójọ rẹ̀, gbé àfihàn kalẹ̀ lórí tíkì Amẹ́ríkà, Kirsten ni ó sì tò ó. Ère àti ife wà lábẹ́ òrùlé kan. Ìwé pélébé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife ni ó kù tí a ó kọ: pé amọ̀ ni, pé Jàpáànì ni wọ́n ti ṣe é, pé ilé ọtí báyìí ni ó ni ín, pé ojú Kū ti Hàwáì ni, tí wọ́n sun púpọ̀ nínú àwọn ère rẹ̀ ní 1819, tí mẹ́ta péré nínú àwọn ńlá ṣẹ́ kù. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni àwọn aṣàkójọ ti kọ dáadáa. Ìlà kẹrin ni yóò sọ bóyá ìmọ̀ ni wọ́n ń kó jọ, tàbí ife.