Ẹni tó Lẹrú Ló Lẹrù: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ohun-Ìní nínú Fíìmù Tetris

Ìfáàrà

Fíìmù Tetris, èyí tí Jon S. Baird darí, tí Noah Pink sì kọ, jáde ní 2023 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Apple fún àwọn tó ń san owó oṣooṣù láti máa wo fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ géèmù tí tọmọdé tàgbà mọ̀ káàkiri ayé ni fíìmù náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe ronú kan géèmù náà ló jẹ ẹ́ lógún. Bí àwọn oníṣòwò ṣe du ẹ̀tọ́ títà rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ló sọ. Ohun tí pépà yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ojú tí fíìmù náà fi wo ohun-ìní: nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fi ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe ohun kan, ta ló ni ín? Èrò tí pépà náà gbé kalẹ̀ ni pé fíìmù yìí pàdé ìbéèrè ńlá lójú ọ̀nà, ó kí i, ó sì kọjá lára rẹ̀ lọ.

Ìtàn tó wà nídìí fíìmù náà

Ní 1984, Alexey Pajitnov, òṣìṣẹ́ ní ibùdó kọ̀ǹpútà Àkádẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì ní Moscow, ṣe géèmù kan sórí ẹ̀rọ Elektronika 60. Ẹ̀rọ náà kò lè ya àwòrán, nítorí náà àmì àkámọ́ inú ìwé kíkọ ni Pajitnov tò pọ̀ di igun mẹ́rin. Oríṣi ègé méje ló wà, igun mẹ́rin-mẹ́rin ló sì para pọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọn a máa já bọ́ láti òkè, ẹni tó ń ṣeré náà a sì máa yí wọn kí wọ́n lè wọnú ara wọn. Ìlà tó bá kún a pòórá. Vadim Gerasimov, tó ṣì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé, wà lára àwọn tó bá a gbé géèmù náà sórí kọ̀ǹpútà IBM, ó sì ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní 1986, Robert Stein rí i ní orílẹ̀-èdè Hungary. Kí òun àti àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, Stein ti ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún Mirrorsoft, ilé-iṣẹ́ Robert Maxwell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Elorg ni àjọ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì tó láṣẹ lórí irú òwò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì 1989, Henk Rogers, ọmọ ilẹ̀ Hólàńdì tó ń gbé ní Jàpáànì, lọ sí Moscow láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, láti wá ẹ̀tọ́ tí Nintendo yóò fi gbé géèmù náà sínú Game Boy, ẹ̀rọ ìṣeré àmúlọ́wọ́ rẹ̀.

Àhunpọ̀ ìtàn

Níbi tí fíìmù náà ti dára jù ni inú ilé Elorg, níbi tí Belikov, ọ̀gá àjọ náà, ti ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì. Rogers wà ní ọ̀kan, Stein wà ní èkejì, Kevin, ọmọ Maxwell, wà ní ẹ̀kẹta. Ìbéèrè tó so gbogbo wọn pọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kí ni kọ̀ǹpútà? Àdéhùn tí Stein fọwọ́ sí ní 1989 ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní ojú ìwòran àti bọ́tìnnì ìkọ̀wé, pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà mìíràn. Ọ̀rọ̀ owó ìtanràn ló gba ọkàn Stein, kò kíyè sí gbólóhùn yìí. Bẹ́ẹ̀, gbólóhùn náà ló yọ ẹ̀rọ ìṣeré àdúgbélé àti ti àmúlọ́wọ́ kúrò nínú ohun tó rò pé òun ti rà. Ẹ̀tọ́ àwọn wọ̀nyí bọ́ sọ́dọ̀ Rogers àti Nintendo, ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì gbè sẹ́yìn Nintendo ní ọdún yẹn kan náà.

Ohun tó yẹ fún ìyìn nìyí. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo di ohun ìjà, olùwòran sì ń mí gúlegúle lórí ìwé tí a fi lẹ́ẹ̀dì kọ. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọkàn olùdarí fi kúrò lára agbára ọ̀rọ̀. Ó fi ìlépa mọ́tò kún un, níbi tí àwọn ọlọ́pàá inú ti ń lé Rogers àti àwọn ará Nintendo lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Irú ìlépa bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Ẹnìkan lè wí pé fíìmù kì í ṣe ìwé ìtàn, òótọ́ sì ni. Iṣẹ́ aṣelámèyítọ́ kì í ṣe láti ka iye irọ́ inú fíìmù, bí kò ṣe láti bi í bóyá àròsọ náà tan ìmọ́lẹ̀ sí kókó ọ̀rọ̀. Èyí kò tan ìmọ́lẹ̀ kankan. Lọ́gán tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni géèmù di ọ̀rọ̀ ẹni tó yára jù.

Ìlànà ìpele-ìpele tí wọ́n fi pín fíìmù náà, pẹ̀lú àwòrán onígun mẹ́rin kéékèèké bí ti àwọn géèmù àtijọ́, dùn ún wò. Síbẹ̀, ohun kan farasin sí wọn. Nínú géèmù tí Pajitnov ṣe, kò sí ìṣẹ́gun. Ègé kò ní í yé já bọ́. Ohun tí ọgbọ́n lè ṣe kò ju pé kó sún ìparun síwájú lọ. Fíìmù náà ya ìrísí géèmù yìí lò, ó sì fi ìmọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀, ó wá fún akọni rẹ̀ ní ìṣẹ́gun tó mọ́ kedere.

Ìfìwàwẹ̀dá

Taron Egerton ló ṣe Rogers, olú ẹ̀dá ìtàn. Nikita Efremov ló ṣe Pajitnov, ó sì fi ojú lásán sọ ohun tí ìwé eré kò fún un láyè láti sọ. Òǹkọ̀wé gbọ́n bó ṣe fi Maxwell, olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Trifonov, òṣìṣẹ́ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì, ṣe ìbejì. Ọ̀kan ń pe ojúkòkòrò rẹ̀ ní òwò, èkejì ń pe tirẹ̀ ní ìfẹ́ orílẹ̀-èdè, àpò kan náà ni wọ́n jọ ń kún. Láàárín wọn ni Pajitnov dúró sí bí àlejò nínú ìtàn ara rẹ̀.

Ẹni tó lẹrú ló lẹrù, ni Yorùbá wí. Òfin tí Elorg ń tẹ̀ lé nìyẹn láìfi bò: ìjọba ló ni òṣìṣẹ́, nítorí náà ìjọba ló ni iṣẹ́ rẹ̀. Fíìmù náà dá èyí lẹ́bi kíkankíkan. Kò bi ara rẹ̀ bóyá òwe náà kò bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá wí pẹ̀lú, àwọn tó rà, tó sì tà, lórí ẹni tó ṣe é. Ó parí sórí ìdùnnú, pẹ̀lú Pajitnov àti ẹbí rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Pajitnov ṣí lọ síbẹ̀ ní 1991 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n 1996, nígbà tí òun àti Rogers dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, ni owó géèmù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án, lẹ́yìn tí Game Boy ti tà á fún àìmọye mílíọ̀nù ènìyàn. Ọdún méjìlá wà láàárín ìgbà tó ṣe é àti ìgbà tó jèrè rẹ̀. Inú ọdún méjìlá wọ̀nyẹn gan-an ni eré oníṣe wà, fíìmù náà kò sì dúró níbẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Tetris jẹ́ fíìmù tó dùn, tí àwọn òṣèré inú rẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn. Ó fi hàn pé ìwé àdéhùn lè mú ọkàn olùwòran gbọ̀n bí ìbọn ṣe ń ṣe. Àléébù rẹ̀ ni pé ó yan ọ̀rẹ́ Pajitnov ní akọni, ó sì gbà pé bí ẹrù bá ti bọ́ lọ́wọ́ olówó burúkú sí ọwọ́ olówó rere, ọ̀rọ̀ ti tán. Ọ̀rọ̀ kò tán níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó di ẹrù náà kò bá tí ì rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀.