Irúnmalẹ̀ àti "Daemon": Orúkọ tí Ojú Rí tí Etí Kò Gbọ́

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan ògbufọ̀ pẹ̀lú, nítorí orúkọ tí ó bá fún nǹkan ni àlejò yóò fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà (1938) sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, "daemon" ni ó pe irúnmalẹ̀ nínú àkọlé ìwé náà. Kò pè é ní "demon". Létà kan ṣoṣo ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Ǹjẹ́ létà náà tó ẹrù tí a dì lé e lórí?

Èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ èdè sábà máa ń so "daimōn" mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí "pín". Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní ṣàì rántí ìpín. Hesiod sọ pé àwọn ènìyàn ìran àkọ́kọ́ di daimōn lẹ́yìn ikú wọn, wọ́n sì ń ṣọ́ aráyé. Lọ́dọ̀ Plato, agbedeméjì òrìṣà àti ènìyàn ni daimōn wà: òun ní ń gbé ẹbọ lọ, òun ní ń gbé àṣẹ bọ̀. Kò di dandan kí ó jẹ́ ìkà. Àwọn Kristẹni ìgbà ìjímìjí ni ó wá ń fi ọ̀rọ̀ náà pe ẹ̀mí búburú. Ìtumọ̀ yìí ni "demon" gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọ̀mọ̀wé sì fi "daemon" pamọ́ fún ìtumọ̀ àtijọ́.

Ìmọ̀ ni Ṣóyínká fi yan ọ̀rọ̀, nígbà náà. Lóòótọ́, Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún burú, ṣùgbọ́n nínú ìrìn-àjò kan náà ni Ìrànlọ́wọ́ ti ṣàánú Àkàrà-Ògùn. Bí a bá pe gbogbo wọn ní ẹ̀mí búburú, a ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ẹnu wọn.

Síbẹ̀, àléébù kan wà níbẹ̀. Bákan náà ni àwọn Òyìnbó ń pe ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́nu. Ojú rí ìyàtọ̀, etí kò gbọ́ ọ. Fún ìwé Fágúnwà, tí adùn rẹ̀ wà nínú kíkà sí etígbọ̀ọ́, èyí kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Bí olùkọ́ bá ka àkọlé náà sókè, "igbó ẹgbẹ̀rún ẹ̀mí búburú" ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ìwé yóò gbọ́.

Lérò tiwa, ì bá sàn kí irúnmalẹ̀ máa jẹ́ irúnmalẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ti la ọ̀nà náà. Nígbà tí ìtumọ̀ rẹ̀ fún Igbó Olódùmarè jáde ní 2010, kò wá orúkọ mìíràn fún Olódùmarè; bí ó ṣe ń jẹ́ nílé náà ni ó jẹ́ lẹ́yìn odi. Ohun tí ó tọ́ sí Olódùmarè kò ṣàì tọ́ sí àwọn tí ó rán níṣẹ́ wá sí ayé.