Aago Mélòó Lo Ń Jáde Nílé?

Ẹ̀gbọ́n onítáyà kò tíì wo mọ́tò àbúrò mi rárá tó fi bi í pé, "Aago mélòó lo ń jáde nílé?"

Àbúrò mi wò mí. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ló múra sílẹ̀ fún. Subaru WRX ni mọ́tò ọ̀hún, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí, odidi ọ̀sẹ̀ méjì ló sì ti fi ń wádìí táyà òtútù tó yẹ mọ́tò asáré. Kò rò ó rí pé wọ́n lè bi òun ní aago.

"Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, sà. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ọsibítù. Mo máa ń padà délé láago mẹ́jọ àárọ̀."

"Ọ̀nà wo lò ń gbà?"

"Lake Shore Drive, sà."

Ẹ̀gbọ́n mi orí. Mo mọ̀ pé ó ti yan táyà tán nínú ọkàn rẹ̀.

Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́ fọ́kanáísà kó tó dé Chicago. Níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ẹ̀rọ ló ń yọ táyà lára ríìmù, ẹ̀rọ mìíràn ló sì ń sọ bóyá ó yí dọ́gba. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń ra ojú táyà, ọwọ́ ẹni tó ti fi omi ọṣẹ wá ojú ihò lẹ́bàá títì fún ọ̀pọ̀ ọdún ni.

Àwọn tó ra irú mọ́tò yìí kì í sábà fẹ́ gbọ́ pé ìgbéra ni táyà mẹ́rin tí ẹ́ńjìnnì ń yí wúlò fún. Tó bá di pé ká dúró, táyà mẹ́rin ni gbogbo mọ́tò fi ń dúró, ti olówó àti ti mẹ̀kúnnù. Ó tilẹ̀ lè tan èèyàn jẹ: o gbéra, mọ́tò ò yọ̀, o wá gbà pé títì náà ò yọ̀. Ẹṣin náà lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ó sì ń kọsẹ̀.

Táyà ìgbà ooru ló wà lẹ́sẹ̀ WRX yẹn. Bí ojú ọjọ́ bá ti lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n 45 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, rọ́bà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ẹni tó bá ti ki ọwọ́ bọ igbá òrí láàárọ̀ ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń wí: òrí àná náà ni, àmọ́ èékánná lo máa fi ha á. Wọ́n ń po rọ́bà táyà òtútù kó má baà le bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì wá sín in ní gbẹ́rẹ́. N ò mọ ohun tí mo tún lè pè é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ojú ọ̀kan fún wa, àwọn ojú abẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ò rí tẹ́lẹ̀ sì là sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí àwọn gbẹ́rẹ́ yẹn ló ń bu yìnyín jẹ.

Oríṣi méjì ló wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ yíyàn wà. Àkọ́kọ́ rọ̀ gan-an, gbẹ́rẹ́ rẹ̀ pọ̀ bí ilà: Blizzak WS, X-Ice, àti Hakkapeliitta R táwọn ará Finland ń ṣe, àwọn tí orúkọ Hakkapeliitta ti wà lára táyà wọn láti ọdún 1936. Orí omi dídì àti yìnyín tí ẹnikẹ́ni ò tíì kó ni ìjọba rẹ̀. Lórí títì gbígbẹ, ó dà bí ìgbà téèyàn ń fi bàtà fóòmù sáré. O yí ìdarí, mọ́tò ronú díẹ̀, kó tó dá ọ lóhùn. Ìkejì ni Pilot Alpin, Sottozero àti Blizzak LM. Wọ́n le jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́tà H tàbí V ló sì sábà ń wà lára wọn, ìyẹn ni pé wọ́n lè gba eré máìlì 130 tàbí 149 ní wákàtí kan. Ọlọ́pàá Chicago ò ní jẹ́ kó o dán an wò. Àmọ́ táyà tó lè gba irú eré bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ kì í gbọ̀n nígbà tó o bá ṣẹ́ kọ́nà, ó sì ń di títì tútù tó lómi mú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tó bá kan omi dídì, kò tó o.

Ìdí tí aago fi ṣe pàtàkì nìyí. Ní Chicago, àwọn títì ńlá àti Lake Shore Drive ni ọkọ̀ akóyìnyín kọ́kọ́ ń mójú tó, kó tó kan àdúgbò. Ẹni tó jáde ní ìdájí lè bá yìnyín lójú ọ̀nà bó ṣe já bọ́ látọ̀run. Ẹni tó jáde ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti kó o, wọ́n á ti da iyọ̀ sí i.

"Omi iyọ̀ lò ń wa mọ́tò lórí ẹ̀, kì í ṣe yìnyín," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Èyí tó le yẹn ni tìẹ."

"Àdúgbò wa ńkọ́, sà?" Ní àdúgbò wọn, tí wọ́n bá ti gbẹ́ yìnyín kúrò níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí tán, àga ni wọ́n ń gbé síbẹ̀ kí ẹlòmíì má baà gbà á.

"Tó o bá débẹ̀, kó o rọra."

Èmi tí mò ń jáde láago márùn-ún ìdájí, èyí tó rọ̀ ni mo ń lò, n ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi.

Ni àbúrò mi bá ṣí búùtù. Ó ti ra Pilot Alpin mẹ́rin tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì fẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́ kíá. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀, ó fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ wọn. Nọ́ńbà mẹ́rin ló ń wá níparí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Mẹ́ta jẹ́ 3821, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kejìdínlógójì ọdún 2021. Ìkẹrin jẹ́ 3818. Kò sọ nǹkan kan. Ó mú téépù aránṣọ láti inú àpò rẹ̀, ó fi wé ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wọn ìbàdí ìyàwó. Subaru kò fẹ́ kí àyíká táyà kan fi ju ìlàrin íǹṣì lọ yàtọ̀ sí ti èkejì, nítorí èyí tó kéré á máa yí ju àwọn yòókù lọ, jíà tó wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn ò sì ní sinmi títí á fi jẹ. Ìkẹrin yẹn ti jẹ kọjá bẹ́ẹ̀.

"Ta ló tà á fún ẹ?"

Àbúrò mi ń wo ilẹ̀.

Tuntun la rà. Ẹ̀gbọ́n tún ní ká fi ìwọ̀n 245/40R18 sílẹ̀, ká mú 235/45R17, èyí tí Subaru fúnra rẹ̀ ń fi sẹ́sẹ̀ WRX tówó rẹ̀ kéré jù. Ó ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn páálí: ìdá 40 nínú 100 ti 245 jẹ́ mílímítà 98, ìdá 45 ti 235 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 106. Mílímítà mẹ́jọ péré ni rọ́bà fi ga sí i, àmọ́ ẹni tó bá mọ kòtò Chicago lóṣù kẹta mọ̀ pé mílímítà mẹ́jọ lè gba ríìmù là.

Kó tó wọ̀ wọ́n, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò níbi tí ríìmù ti ń jókòó. Ó fi ọwọ́ dé nọ́ọ̀tì ná, ó wá ń fún wọn kọjú síra, kò fún wọn ní títẹ̀léra, títí sípánà fi dún kẹ́ ní 89 lb-ft. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ atẹ́gùn sí i, ni àbúrò mi bá figbe ta: ó fi PSI 5 ju nọ́ńbà tó wà lára ilẹ̀kùn mọ́tò lọ.

"Inú ibí ń móoru," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó ń nu ọwọ́. "Kó o tún un wọ̀n lọ́la, kó o tó gbéra."

Inú ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 68 lórí Fahrenheit, ìta jẹ́ 18. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò mi fi fọ́tò géèjì ránṣẹ́ sí mi láti ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ní ọsibítù, yìnyín lára ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn gan-an ló wà lójú géèjì náà.