Ali Kò Lọ, Gíwá Ló Lọ

“Ali Must Go.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni igbe tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ṣe ìwọ́de ní oṣù Kẹrin ọdún 1978. Ó dùn lẹ́nu, ó sì rọrùn láti há sórí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ìjọba ológun ló fi owó kún oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́. (Lónìí, 50 kọ́bọ̀ kò lè ra hóró ìrẹsì kan, àní ní Ọbáfẹ́mi-Owódé wa tí Ọ̀fadà wà.) Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali ni kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì mú. Ṣé òun nìkan ni ìjọba ni? Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu, ló wà lórí àlééfà. Bóyá nítorí pé tiwa ni la fi ń bá Ali nìkan wí.

Ìbọn agbófinró dún. Akíntúndé Òjó kú ní Yunifásítì Èkó; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kú ní Zaria náà. Wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ NUNS, wọ́n sì lé Ṣẹ́gun Òkéowó, ààrẹ rẹ̀, kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n J.F. Adé Àjàyí, gíwá Yunifásítì Èkó, pàdánù ipò rẹ̀. Àjàyí kọ́ ló fowó kún oúnjẹ o! Òpìtàn ni, ìwé rẹ̀ lórí àwọn míṣọ́nnárì sọ púpọ̀ nípa Abẹ́òkúta. Ali ńkọ́? Ní 2005 ó di alága àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú PDP.

Àléébù igbe náà nìyí: ènìyàn ló ń lé, kò bi ẹni tó ni àṣẹ. Bí ìjọba bá lè yọ gíwá nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ wọ́de, gíwá tó bá tẹ̀ lé e yóò tètè pa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu mọ́, kó má baà di tirẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé ẹni tó ń sá fún ìbọn kò ráyè to òfin. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwa tí a kò sá fún ìbọn, kí ló dé tí igbe yẹn nìkan la há sórí?

Ní 2003, Ọbásanjọ́ kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, fọwọ́ sí òfin tó fún ìgbìmọ̀ alákòóso yunifásítì ní àṣẹ láti yan gíwá àti láti yọ ọ́. Síbẹ̀, ní 2023, ìjọba àpapọ̀ tú àwọn ìgbìmọ̀ náà ká, ó sì di 2024 kí wọ́n tó yan òmíràn. FUNAAB tó wà ní Alábàtà nítòsí wa náà wà lábẹ́ òfin yìí. Ta ni a ó wá ní kó lọ báyìí?