Ọgbọ́n Tó Wà Nínú Pákò
Pákò tí wọ́n ń run ní ìlú Òwu-Ìsin, iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Èròjà calcium phosphate inú itọ́ ló ń sọ ìdọ̀tí ara eyín di líle bí òkúta. Ṣùgbọ́n itọ́ kan náà ní èròjà statherin, tó ń lẹ̀ mọ́ ojú horo calcium phosphate náà tí kì í jẹ́ kó tètè dàgbà. Bí a bá ń run orín ata, tó jẹ́ irú pákò kan, itọ́ a pọ̀ lẹ́nu, fọ́nrán igi a sì gbo ìdọ̀tí kúrò kó tó le.

Lóòótọ́, ọṣẹ ìfọyín tó ní èròjà polymer ń ṣe irú iṣẹ́ statherin yìí, pákò kò sì lè ṣí ìdọ̀tí tó ti le tán kúrò. Síbẹ̀, dídènà rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, àwọn baba wa sì ti mọ ọ̀nà rẹ̀ kí ọṣẹ ìfọyín tó dé.