Ẹ̀rọ Tí Ń Fi Ìró Ka Ìlà Ìka àti Ọwọ́ Aláró Ìtòkú

Ìyìn pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ròyìn ẹ̀rọ tí ń fi ìró ka ìlà ìka, pàápàá láti ọdún 2019 tí Samsung ti fi í sábẹ́ gíláàsì fóònù Galaxy S10. Wọ́n ní omi kì í dí i lọ́wọ́, ìdọ̀tí kì í sì í dà á láàmú. Ìyìn náà tọ́ dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ẹ̀rọ náà dé iwájú aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, àbùkù ìka méjì tí ìyìn náà dà pọ̀ yóò hàn gbangba.

Ọ̀rọ̀ náà ‘ìtẹ̀ka’ ń tọ́ka sí tàdáwà: a tẹ ìka, ó fi àmì sílẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kò dúró de àmì. Ńṣe ló ń tẹ́tí. Awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú rẹ̀, irú èyí tí a lè fi aluminium nitride ṣe. Bí iná mànàmáná bá kàn án, a gbọ̀n, a sì rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ jáde. Bí ìró náà bá padà gbọ̀n ọ́n, òun náà a mú iná wá. Níbi tí kòtò ìlà bá wà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo ìró padà. Níbi tí òkè ìlà bá ti kan gíláàsì, apá kan ìró a wọ inú awọ lọ. Ìyàtọ̀ yìí ló di àwòrán.

Nítorí náà, aró tó kun ìka kò ba nǹkan jẹ́ fún un. Ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ wo ìka ni dúdú aró lè ṣì lọ́nà. Ìró kò mọ àwọ̀. Níhìn-ín, ìyìn wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àmọ́ aró òde òní kì í ṣe ti ewé èlú àti eérú nìkan mọ́. Kọ́ọ́síìkì sódà wà nínú rẹ̀, bó bá sì ń kan ọwọ́ tí kò wọ ìbọ̀wọ́ lójoojúmọ́, awọ a máa bó. Ìlà tó ti pa rẹ́, kí ni ìró yóò kàn? Lóòótọ́, àwòrán ìlà òkè wà ní ìpele abẹ́ awọ pẹ̀lú, àwọn olùwádìí sì ti fi ìró rí i níbẹ̀; ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tí ń jẹ́ orúkọ yìí ni ìró rẹ̀ ń dé ibẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe àríyànjiyàn lásán. Láti ọdún 2014 ni àwọn ilé-ìfowópamọ́ ti ń gba ìlà ìka sílẹ̀ fún nọ́ńbà BVN. Nínú ìdìbò oṣù kẹta ọdún 2015, ẹ̀rọ kọ̀ láti ka ìka Ààrẹ Goodluck Jonathan ní Otuoke. Wọ́n fi ìwé yẹ orúkọ rẹ̀ wò, ó sì dìbò. Ta ni yóò dúró yẹ orúkọ aláró wò bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n lò ní ọdún 2023 fi ojú kún ìka, èyí tó jọ ìjẹ́wọ́. Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìró fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ béèrè kì í ṣe bóyá ó lè ka ìka tó tutù, bí kò ṣe ibi tí ìró rẹ̀ jinlẹ̀ dé lábẹ́ awọ.