Ìjàpá, Ìyẹ́ Àyálò àti Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí Ó Jóná

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ àlọ́ Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, bí ó ti yá ìyẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ, tí ó bá wọn fò lọ sí ibi àsè ní òkè ọ̀run, tí ó sì já bọ́ sílẹ̀ tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́. Àlọ́ dídùn ni. Ṣùgbọ́n mo ti wòye pé nígbàkígbà tí ẹ̀rọ kan tí a fẹ́ rán sí òfuurufú bá bàjẹ́, àlọ́ yìí kan náà ni a máa ń fà yọ láti fi bú ẹni tí ó fẹ́ rán an, a ó sì fi ẹ̀rín parí ọ̀rọ̀. Èmi kò sọ pé kí ènìyàn má rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò ka àlọ́ náà dáadáa kí a tó fi rẹ́rìn-ín, àti pé ìkàkukà yìí ń pa wá lára ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan tí ó kan àwa aláwọ̀ dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ní Cape Canaveral ní ìpínlẹ̀ Florida ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ń jẹ́ SpaceX ń rọ epo sínú rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn tí ń jẹ́ Falcon 9. Wọn kò tíì fẹ́ rán an lọ; wọ́n fẹ́ dán ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò lórí ìdúró ni, nítorí ìrìn-àjò ku ọjọ́ méjì. Sátẹ́láìtì AMOS-6, ti ilé-iṣẹ́ Spacecom ti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ti wà lórí rẹ̀. Lójijì iná sọ, rọ́kẹ́ẹ̀tì bú gbàmù, sátẹ́láìtì náà sì wó lulẹ̀ sínú iná. Ọpẹ́ ni pé kò sí ẹni tí ó farapa. Ohun tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà di tiwa ni pé Facebook àti Eutelsat ti háyà apá kan sátẹ́láìtì yìí láti fi gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ọ̀gá Facebook, Mark Zuckerberg, ti bẹ̀ wá wò ní Yábàá ní Èkó ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ṣì wà nígbà tí ìròyìn iná náà bá a.

Irú ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa nígbà náà, ní Òkìtìpupa níhìn-ín àti ní ibòmíràn. Àwọn kan ń ṣẹ̀fẹ̀: wọ́n ní owó olówó ló jóná, Ìjàpá tún ti já bọ́. Àwọn kan gbé Bíbélì jáde, wọ́n sì rán wa létí ilé ìṣọ́ Bábélì, wọ́n ní ẹni tí ó bá fẹ́ bá Ọlọ́run dé òkè yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ ń wá. Àwọn kẹta ń wá ọ̀tá: wọ́n ní ẹnìkan ló fara pamọ́ tí ó yìnbọn lù ú. Mo tẹ́tí, mo tẹ́tí, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè pé, "Kí ni ó mú un jóná gan-an?" Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa kò sì kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìdí ìṣubú ni àgbà máa ń wá. Àwa, ẹni tí ó ṣubú nìkan ni a ń wò.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú àlọ́ náà wàyí, kí a bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ǹjẹ́ fífò ni ẹ̀ṣẹ̀ Ìjàpá? Rárá o. Bí a ti ń pa á fún wa nílé, àwọn ẹyẹ fẹ́ràn bí ó ti fẹ́ bá wọn lọ, olúkúlùkù wọn sì fa ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan fún un. Nígbà tí ó lẹ ìyẹ́ wọ̀nyí mọ́ra, ó fò, ó sì dé ibi tí ó ń lọ. Apá ibẹ̀ ni a máa ń gbàgbé: Ìjàpá dé òkè! Ohun tí ó ba tirẹ̀ jẹ́ ni pé ó ti sọ ara rẹ̀ ní "Gbogbo Yín" kí wọ́n tó dé ibi àsè. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, tí àwọn ẹyẹ béèrè ẹni tí wọ́n gbé e fún, tí wọ́n dá wọn lóhùn pé "Gbogbo yín ni," Ìjàpá nìkan ló jókòó ti àwo. Inú bí àwọn ẹyẹ, oníyẹ̀ẹ́ gba ìyẹ́ rẹ̀, Ìjàpá sì di ẹni à ń jù sílẹ̀ láti òkè. Ọ̀rọ̀ méjì ni àlọ́ yìí fi lé wa lọ́wọ́: ta ló ni ìyẹ́, àti ta ló ń jẹun ní orúkọ gbogbo wa? Ẹni tí ó bá fi àlọ́ náà bú ẹni tí ó fò ti fi ọwọ́ òsì mú un.

Ní ti ìyẹ́, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí ní ọdún 2016. Sátẹ́láìtì tí a ń retí, Ísírẹ́lì ló ni ín. Rọ́kẹ́ẹ̀tì, Amẹ́ríkà ló ni ín. Owó tí wọ́n fi háyà rẹ̀, kì í ṣe tiwa. Àwa ni ẹni tí ó fẹ́ lọ jẹ àsè, kò sì sí ìyẹ́ kan ṣoṣo tí ó hù lára wa nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn baba wa ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn: bí kò bá fún un lẹ́sẹ̀, a ṣò ó, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn wa ń rẹ́rìn-ín pé Ìjàpá já bọ́, wọn kò mọ̀ pé àwa gan-an ni Ìjàpá inú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ti "Gbogbo Yín," oníṣòwò ni Facebook, oníṣòwò kì í sì í ru ẹrù wá sí ọjà lásán. Ó ní gbogbo wa ni íntánẹ́ẹ̀tì náà wà fún. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ àlọ́ yóò béèrè iye tí a ó máa san, ẹni tí yóò máa pinnu ohun tí a ó rí àti ohun tí a kò ní rí, àti ibi tí èrè yóò máa gbà lọ. Bí àwọn ẹlẹ́fẹ̀ wa bá ti béèrè èyí ni, ǹ bá pa àtẹ́wọ́ fún wọn. Bí akọrin Ẹ̀fẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu bá gbé ìbòjú wọ̀ lóru, kì í kàn ń bú ẹni tí ó ṣubú. A máa wádìí ìwà tí ó bàjẹ́ nílùú, a sì máa fi orin pe é ní orúkọ rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ gidi nìyẹn. Ẹ̀fẹ̀ tí kò mọ ẹni tí ó ń bá wí, ariwo ni.

Mo wá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìdánwò, nítorí pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro fún ọmọ Ìkálẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ wa. Ẹ ti rí adẹ́mu bí ó ti ń ṣe: kí ó tó gun òkè, yóò fi ìgbà rẹ̀ yí ọ̀pẹ po nísàlẹ̀, yóò fara tì í sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, yóò sì gbọ́ bí ó ti ń dún. Bí ìgbà náà bá já nísàlẹ̀ níbẹ̀, ta ni yóò fi adẹ́mu ṣe yẹ̀yẹ́? Aya rẹ̀ yóò dúpẹ́ ni. Ìdánwò tí ó bàjẹ́ nísàlẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Ohun tí SpaceX ń ṣe ní ọjọ́ náà kò yàtọ̀ sí èyí, nítorí náà ẹ̀rín tí a rín wọn pé ìgbà já kò ní ìdí.

Síbẹ̀ àṣìṣe ńlá kan wà níbẹ̀ tí ẹnu àwọn ẹlẹ́fẹ̀ kò kàn. Adẹ́mu wo ni ó máa ń so akèrègbè tí ẹmu kún mọ́ ìbàdí kí ó tó dán ìgbà wò? Wọ́n ti gbé sátẹ́láìtì oníbàárà lé orí rọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó dán an wò, nítorí pé wọ́n fẹ́ dín ọjọ́ iṣẹ́ kù. Ìgbà já, akèrègbè sì fọ́. Ìkánjú ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wọn wí, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Igbá ẹ̀yìn Ìjàpá tún ní ẹ̀kọ́ kan tí ó kù. Nígbà tí ó fọ́, wọ́n tò ó, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀, gbogbo ojú ibi tí ó ti fọ́ sì hàn títí di òní. Ìjàpá kò lè fi ìṣubú rẹ̀ pamọ́. Ó ń gbé ìròyìn rẹ̀ kiri lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ṣubú gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn SpaceX wádìí, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Nínú àgbá ńlá tí ọ́síjìn olómi wà, tí ó tutù ju yìnyín lọ, ni àwọn àgbá kéékèèké kan wà tí wọ́n rọ gáàsì helium sí. Alumíníọ́mù ni inú àgbá kéékèèké wọ̀nyí, wọ́n sì fi fọ́nrán líle wé e lóde bí ẹni fi okùn wé agbè. Ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ wọnú, àyè sì ṣí láàárín alumíníọ́mù àti fọ́nrán; ọ́síjìn wọ ibẹ̀, ó há síbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí gbígbo tí nǹkan ń gbo ara ti dá iná. Wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń rọ gáàsì náà padà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, Falcon 9 mìíràn gbéra, ó sì délé láyọ̀.

Ẹ fi èyí wé ti NigComSat-1 tiwa. Àwọn ará Ṣáínà ló ṣe é, àwọn ló sì rán an lọ láti Xichang ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007. Ọdún 15 ni wọ́n ní yóò lò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ó dákẹ́, nítorí pé pátákó tí ń gba agbára oòrùn fún un ti dàrú. Kí àlàyé tó jáde nílé, ẹ̀fẹ̀ ti dé ọjà: gbogbo ẹnu ló ń sọ pé sátẹ́láìtì Nàìjíríà ti sọnù ní òfuurufú. Àlàyé dé lẹ́yìn, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni, Gẹ̀ẹ́sì àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì ni. Wọ́n rán òmíràn lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2011 láti rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tí ó pé ọdún mẹ́ta kò sì kúrò nílẹ̀. Èyí ni ó ń dùn mí jùlọ, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Èdè Yorùbá ni a fi ń rẹ́rìn-ín ìṣubú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò rí nǹkan mú nínú ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀rín lọ. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ̀bi àwa tí a ń kọ Yorùbá tí a kò kọ àlàyé náà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ ni mo ń gbè lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2023, SpaceX kan náà rán rọ́kẹ́ẹ̀tì Starship, tí ó ga tó nǹkan bí 120 mítà, láti etíkun Texas. Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ tí ó fi fọ́ lójú ọ̀run, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ń hó fún ayọ̀. Wọ́n ti sọ ṣáájú pé ó lè bàjẹ́, òtítọ́ sì dára. Ṣùgbọ́n agbára iná rẹ̀ ti hú pèpéle kọnkéré tí ó dúró lé, eruku sì bọ́ sórí ìlú tí kò sí nínú ìdánwò náà. Ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n ṣe àtúnṣe 63 kí wọ́n tó tún rán òmíràn. Bí adẹ́mu bá já bọ́ tí ó sì wó ọgbà aládùúgbò, kí ó má tíì pàtẹ́wọ́. Kí ó kọ́kọ́ lọ tún ọgbà náà ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Kí ló kàn wá nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn olówó?" Ó kàn wá. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2017, Falcon 9, irú èyí tí ó jóná ní oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú, gbé NigeriaEduSat-1 lọ sí òfuurufú. Sátẹ́láìtì kékeré ni, bí ìwọ̀n kílò kan, ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá àwọn ará Japan ṣe pẹ̀lú ti Ghana, Bangladesh àti Mongolia. Ìyẹ́ àyálò ṣì pọ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ wa ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní Òkìtìpupa níhìn-ín, yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà tí a fi orúkọ olóògbé Olúṣẹ́gun Àgágù pè. Bí ọmọ kan níbẹ̀ bá dán ohun kan wò lójú gbogbo ayé tí ó sì bàjẹ́, kí ni yóò gbọ́ lẹ́nu wa? Bí ó bá jẹ́ "Ìjàpá já bọ́" ni, nígbà mìíràn yóò dán tirẹ̀ wò nínú yàrá, yóò fi ohun tí ó fọ́ pamọ́, kò sì sí ẹni tí yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀. Ibi tí ẹ̀rín tí kò ní àròjinlẹ̀ ń gbé wa lọ nìyẹn.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń pa àlọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé: ẹ jẹ́ kí a máa pa á tán. Kí a sọ pé Ìjàpá fò, kí a sọ pé ó dé òkè, kí a sọ ẹni tí ó ni ìyẹ́ àti ẹni tí ó jẹ oúnjẹ gbogbo wọn, kí a sì fi ojú ibi tí igbá rẹ̀ ti fọ́ han ọmọdé, kí ó fi ìka tọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí, bí ẹ̀rín bá ṣì kù, ẹ jẹ́ kí a rín in.